Ẹ Yẹ Awakọ̀ Wò Kí Ọkọ̀ Tó Kúrò ní Gáréèjì

Àdéhùn tí ìjọba bá àwọn tó ń ṣe ọtí ṣe lọ́dún 2018 ló fi gbèdéke lé ọtí inú ọ̀rá, pé kò gbọ́dọ̀ sí lọ́jà mọ́ lẹ́yìn oṣù Kìíní ọdún 2024. Wọ́n sún un di ìparí 2025. Nígbà tí ìyẹn náà kù díẹ̀ kó pé, ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ ní kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ṣì dáwọ́ dúró. Ìwé ìròyìn yìí fara mọ́ òfin tó fẹ́ lé ọ̀rá ọtí kúrò nílẹ̀, a kò sì ní yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jóná lọ́la, awakọ̀ tó mu ìgò bíà mẹ́rin lálẹ́ àná yóò ṣì jókòó sídìí ọkọ̀ láago márùn-ún ìdájí. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn ni a ti ń sọ lójú ewé yìí, òun gan-an sì ni àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ dáhùn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl, tí agbára ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 5%, máa ń gba ẹ̀dọ̀ èèyàn tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rá ọtí líle kékeré kan, 30ml, máa ń gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu láago mẹ́jọ alẹ́, tó sì mu ìgò mẹ́rin, ó di bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kí ara rẹ̀ tó mọ́ tán. Bó bá fi ọ̀rá méjì lé e, ó ti di aago mẹ́wàá kọjá. Bẹ́ẹ̀ rèé, aago márùn-ún ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gbérò. Kò ní ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò já gaara, òun fúnra rẹ̀ yóò sì búra pé ọtí ti dá lójú òun. Síbẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lè ti kọjá 50mg nínú 100ml ẹ̀jẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n tí awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá nílẹ̀ yìí.

Oorun kì í mú ẹ̀dọ̀ yára. Omi tútù tí wọ́n dà sórí, kọfí, ọbẹ̀ ata tó ń ta ẹnu, kò sí èyí tó ń dín ọtí inú ẹ̀jẹ̀ kù. Orógbó kàn ń bo òórùn ẹnu ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kó burú jù, torí ó ń tan èrò inú ọkọ̀ tó fẹ́ fimú gbọ́ ọ jẹ. Ohun méjì péré ló wà: kéèyàn ka wákàtí rẹ̀ lóòótọ́, tàbí kó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ awakọ̀ wò.

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Ọjọ́ta tàbí ní Ìwó Road nídàájí mọ ohun tí à ń sọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, iná tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wá owó ṣéńjì. Oníparaga ti to ìgò rẹ̀ sórí tábìlì, egbò àti èèpo rì sísàlẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan. “Bọ̀ọ̀dá, ọ̀pá ẹ̀yìn ni àbí jẹ̀dí?” Awakọ̀ gba ife kékeré, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó wọnú ọkọ̀. Ti òwúrọ̀ ti gun orí ti alẹ́ àná. Kò sì sẹ́ni tó kọ agbára ọtí inú paraga sára ìgò rẹ̀, ká tó sọ pé a fẹ́ ṣírò rẹ̀.

Kí ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń ṣe sí i? Bí ọdún bá ti ń parí lọ, wọ́n á wá sí gáréèjì pẹ̀lú ìwé ìléwọ́ àti gbohùngbohùn, wọ́n á kìlọ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Lójú márosẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á béèrè ìwé ọkọ̀, wọ́n á wo táyà, wọ́n á béèrè ohun ìpaná. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, awakọ̀ tí à ń sọ ti ná Ìbàdàn dé, tàbí kò dé ibì kankan mọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀rọ yín dà láago márùn-ún? Ọdún mélòó la fẹ́ fi béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo? Ìtanràn ₦5,000 tí ẹ kọ sínú ìwé fún ẹni tó muti wakọ̀ kò tó owó ọkọ̀ èrò kan láti Èkó dé ọ̀nà jíjìn.

Ẹ má sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń jáde ní gáréèjì láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ awakọ̀ gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó yẹn kì í sùn gbàgbé, ọkọ̀ kan kì í yọ́ kọjá lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ sí. Nílẹ̀ Faransé, láti ọdún 2015, bọ́ọ̀sì akérò ọ̀nà jíjìn kò gbọ́dọ̀ rìn láìní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tan bí èémí awakọ̀ kò bá mọ́. A kò tilẹ̀ béèrè tó ìyẹn.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹgbẹ́ awakọ̀ náà gbọ́. Awakọ̀ kì í fẹ́ sọ òótọ́ torí pé bó bá pàdánù ipò rẹ̀ lórí ìlà, owó oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti lọ, owó tí yóò jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kí wọ́n fi ipò rẹ̀ pamọ́ dè é di ọ̀sán. Kó lọ sùn, kó tún padà wá fẹ́ èémí, kó gbérò. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣì máa jẹun lọ́jọ́ náà kò ní jìjàdù láti sá fún ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan onímọ́tò aládàáni náà, pàápàá àwa tí à ń ti òde àríyá Sátidé bọ́ sínú ọkọ̀ láago mẹ́fà Sunday, tí àwọn ọmọ sì jókòó sẹ́yìn, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ fún aráàlú iye ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dárúkọ gáréèjì tí wọ́n máa gbé e lọ, àti ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn gómìnà tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn gáréèjì náà ra èyí tó bá kù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a fẹ́ gbọ́ èsì, kì í ṣe oṣù Kejìlá.