Ọkọ l'Amẹ́ríkà, ìyàwó n'Ìkẹ́rẹ́: méséèjì owó orí yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ o

Ẹ̀yin ará Èkìtì, méséèjì kan ń káàkiri lórí WhatsApp pé tí ọkọ bá jẹ́ sítísìn Amẹ́ríkà, tí ìyàwó ẹ̀ wà n'Ìkẹ́rẹ́, "single" (ẹni tí ò ṣègbéyàwó) ni kó kọ sórí fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà torí ìyàwó ò ní nọ́ńbà Social Security. Irọ́ ni o. Ìgbéyàwó tó bófin mu l'Adó, ìgbéyàwó náà ni lójú IRS, àjọ tó ń gba owó orí l'Amẹ́ríkà. "Married filing separately" (ó ti ṣègbéyàwó, àmọ́ ó ń dá fọ́ọ̀mù tiẹ̀ kọ) ló sábà máa ń jẹ́, NRA (nonresident alien, àjèjì tí kì í gbé l'Amẹ́ríkà) ni wọ́n á kọ síbi nọ́ńbà ìyàwó. Tí wọ́n bá fẹ́ jọ ṣe é pọ̀ ni ìyàwó máa nílò ITIN (nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí ò lè gba Social Security), Form W-7 ni wọ́n fi ń gbà á, orí bébà sì ni tìyẹn, àti pé owó tí ìyàwó ń rí nílé níbí náà á wọ inú fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n jọ ṣe (ọ̀pọ̀ ò ronú débẹ̀). Ẹ wo Publication 519, ìwé àlàyé owó orí fún àwọn àjèjì, lórí irs.gov. Mi ò bá ẹni tó fi ránṣẹ́ wí, èmi gan-an fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù yẹn.