Rédíò tó bá mọ́tò wá kì í kú nítorí pé wọ́n tú u

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù ríwáyà ní Abẹ́òkúta, láti Láfẹ́nwá títí dé Ọbáńtokò, kí ẹ ní ẹ fẹ́ dá rédíò tó bá tòkunbọ̀ yín wá padà sí àyè rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ohun tí èmi náà gbọ́: "Ọ̀gá, èyí tí wọ́n bá ti tú, ó tán nìyẹn. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo gbà á gbọ́ fún ọdún méjì gbáko. Android tí mo rà sípò rẹ̀, rédíò mọ́tò tó lójú bíi ti fóònù, ń kú, ó ń jí. Nígbà míì ó máa ń fa bátìrì mọ́jú. Rédíò Corolla mi gan-an sì wà nínú àpò ìrẹsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Irọ́ ni. Rédíò kò mọ̀ pé wọ́n tú òun. Ohun tó ń wá kò pọ̀: iná bátìrì tí kì í lọ, tó fi ń rántí àwọn ìkànnì tí ẹ tọ́jú, iná tó ń dé nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, bọ́dì (wáyà tó lọ sára irin mọ́tò), wáyà àwọn sípíkà, àti ẹ́ríà. Tí wọ́n bá ti pé, yóò sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ni kọ́òdù, nọ́ńbà àṣírí tí àwọn rédíò kan máa ń béèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Aládùúgbò mi kan ní Asẹ́rò pààrọ̀ bátìrì Honda rẹ̀, rédíò kọ CODE sójú, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti jóná. Nǹkan tó bá jóná a máa kọ̀wé? Ẹ̀ṣọ́ olè ni. Wọ́n ṣe é kó má baà wúlò fún ẹni tó bá jí i yọ, nítorí náà bí iná bá ti já lára rẹ̀, yóò béèrè nọ́ńbà. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì 1 àti 6 pọ̀ kí ẹ tó tan rédíò: nọ́ńbà ara rẹ̀ yóò jáde. Ẹ fi ìyẹn àti nọ́ńbà ṣásí béèrè kọ́òdù lórí ìkànnì Honda fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn Volkswagen àtijọ́ máa ń kọ SAFE. Nọ́ńbà mẹ́rin ni tiwọn, bí ẹ bá sì ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, yóò ti ara rẹ̀ pa fún wákàtí kan. Ẹ fi sílẹ̀ ní títàn, ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ Toyota tó wà nílùú yìí kì í béèrè nǹkan kan.

Àwọ̀ wáyà ló ń ba rédíò jẹ́ ní tòótọ́. Lẹ́yìn Android, yẹ́lò ni iná bátìrì, pupa ni ti kọ́kọ́rọ́, dúdú ni bọ́dì. Ẹ wá wo ti Toyota: búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ni bátìrì, aláwọ̀ eérú ni ti kọ́kọ́rọ́, búráùn ni bọ́dì. Búlúù ti Android, iṣẹ́ ẹ́ríà ló wà fún. Ẹni tó bá wá ń fi búlúù so búlúù, ó ti gbé iná bátìrì lọ síbi tí wọn kò ránṣẹ́ pè é. Tẹ́sítà ni ká gbà gbọ́, kì í ṣe ojú.

Ẹni tó fi Android sí tèmi gé sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò kúrò (ó yá a jù kó ra sọ́kẹ́ẹ̀tì àárín tí wọ́n ń tà, èyí tó ń so ti mọ́tò mọ́ Android láìgé wáyà), àmọ́ ó ṣàánú mi, ó jù ú sínú àpò ìrẹsì pẹ̀lú rédíò. Ọmọkùnrin kan ní Pánṣẹ́kẹ́ fi tẹ́sítà wá wáyà kọ̀ọ̀kan rí, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀, ó fi téèpù wé wọn. Ó tàn án. Iná dé, ṣùgbọ́n ṣíì-ṣíì-ṣíì nìkan là ń gbọ́. Bàbá kan tó dúró tì wá ní, "Ṣé mo sọ?" Ẹ́ríà ni a gbàgbé lẹ́yìn. Bí a ṣe tì í bọ ihò rẹ̀ báyìí, OGBC 90.5 ń ka ìròyìn.

Ibi kan wà tí wọn kò parọ́ tán. Bí wọ́n bá ti ju sọ́kẹ́ẹ̀tì nù, iṣẹ́ náà yóò le, owó yóò sì gùn. Àwọn Toyota tó ní sípíkà JBL náà ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè lọ́tọ̀. Bí ẹni tó fi Android sí bá ti fo ẹ̀rọ yẹn kọjá, rédíò yóò tàn, kò ní dún, wọn yóò sì ní ó ti kú. Wáyà sípíkà ló yẹ kí wọ́n dá padà síbẹ̀. Nínú Volkswagen, iná bátìrì àti ti kọ́kọ́rọ́ lè pààrọ̀ ipò sí ti rédíò tí ẹ rà lọ́jà, kí rédíò máa gbàgbé ìkànnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa mọ́tò. Wáyà méjì péré ni ẹ óò yí síra.

Ẹ wá kọ́òdù yín kí ẹ tó tú bátìrì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Aládùúgbò mi rí tirẹ̀ lára bébà kékeré kan nínú píjìn-hóòlù. Láti ọjọ́ tó ti ra mọ́tò yẹn ló ti ń fi ìwé pátíkúlà bò ó.