Kì í ṣe òótọ́ pé àpáta abẹ́ Àbújá kò lè mì

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì ní Mpape àti Maitama nílùú Àbújá, ní ọjọ́ karùn-ún sí ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé níhìn-ín, yálà nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí lẹ́yìn ìsìn: wọ́n ní ìsẹ̀lẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, pé orí àpáta ni Àbújá wà, àpáta kì í sì í mì, nítorí náà àwọn tó ń fi ohun abúgbàù fọ́ òkúta ní Mpape ló fà á. Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Ẹni tó ń ti Kaduna bọ̀, tó rí Àpáta Zuma lẹ́bàá ọ̀nà, kò ní í rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè yẹ̀ láéláé. Síbẹ̀, àpáta yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí tó tako ìgbàgbọ́ náà.

Èèpo ayé kì í ṣe odidi kan. Awẹ́ awẹ́ ni, bí obì, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ àtijọ́ méjì kọlu ara wọn, ọ̀kan láti ìwọ̀-oòrùn, èkejì láti ìlà-oòrùn, ibi tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí sì há sáàárín wọn. Ooru àti ìfúnpọ̀ náà yọ́ àpáta kan, ó ká òmíràn bí ẹni ká ẹní, ó sì fa òmíràn ya. Ibi tí apá kan ti yẹ̀ kúrò lára ìkejì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fault, èyí tí mo ń pè ní ojú sísán. Èyí tó yọ́ nísàlẹ̀ ló tutù tó di irú àpáta Zuma àti Aso, kí òjò àti oòrùn tó bó ilẹ̀ tó bò wọ́n kúrò. Ẹ dúró níbikíbi tí wọ́n ti gé òkè láti la ọ̀nà, kí ẹ wo àwọn ìlà dúdú àti funfun tó lọ́ bí ejò lára àpáta ibẹ̀: àmì ìfúnpọ̀ náà ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ojú sísán tó gùn jù lọ gbéra ní agbègbè Ifẹ̀wàrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì dé Zungeru ní ìpínlẹ̀ Niger. Ilé baba wa àti ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́bàá àjò tí a wà yìí, ìlà kan náà ló so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó yá, bí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe ń pínyà, ilẹ̀ fẹ́ ya láàárín orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú. Kò ya tán, ṣùgbọ́n ó rì, inú kòtò gígùn náà sì ni odò Benue ń gbà lọ pàdé odò Ọya ní Lọ́kọ́ja.

Òótọ́ ni pé Nàìjíríà kò sí létí awẹ́, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi í rí irú ìsẹ̀lẹ̀ tó ń ṣọṣẹ́ ní Japan. Àmọ́ ohun tí kò wọ́pọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Etí awẹ́ tiwa wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, agbára tó ń tì í láti ibẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ wọlé dé ọ̀dọ̀ wa. Igbá tó ti fọ́ tí a rán, bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, ojú ibi tí a ti rán an ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú sísán àtijọ́ ṣe ń gba agbára yìí sára fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi yẹ̀ díẹ̀ tí ilẹ̀ yóò sì mì.

Ohun abúgbàù lè mi ilé tó wà nítòsí, n kò sì fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ́wàrì Mpape kọ́ ló mi Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kaduna ní oṣù Kẹsàn-án 2016, òun kọ́ ló sì mi Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù Keje 1984. Ní Accra, tí òun náà jìnnà sí etí awẹ́, ìsẹ̀lẹ̀ ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1939 wó ilé, ó sì pa èèyàn.

Ìjọba àpapọ̀ ní ibùdó kan ní Toro, ìpínlẹ̀ Bauchi, tó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sórí òkè ní Mpape náà bi ẹnjiníà rẹ̀ léèrè, kí wọ́n tó da kọnkéré, bóyá àpáta tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ náà ti sán, àti apá ibi tí ojú sísán náà kọ sí.