Ẹ Yí I Padà Ká Wo Abẹ́ Rẹ̀

Àwọn tó wà níbẹ̀:
BÀBÁ SÌKÍRÀ, ahun tó lè fi eegun kan se ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta
KÁMÓRÙ, ọlọ́jà ehoro, ẹlẹ́nu dídùn
ÌYÁ SÌKÍRÀ, aláta ní Ojúwòyè

(Múṣín ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ojúwòyè, ọ̀sán Jímọ́ọ̀. Kámórù to àgò ehoro sábẹ́ agbòòrùn kan tó ti ya. Bàbá Sìkírà dé nínú agbádá funfun. Owó rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.)

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Kámórù, ọjà á tà o.

KÁMÓRÙ: Àṣẹ! Àlàájì wa, ẹ kú oòrùn o.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Má pè mí ní Àlàájì. Tí ọlọ́jà bá ti pe èèyàn ní Àlàájì, ó ti fowó lé ọjà nìyẹn.

KÁMÓRÙ: Ẹ má bínú, Bàbá mi. Kí la ó fún yín?

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ehoro. Ẹyọ kan. Abo.

KÁMÓRÙ: Ẹyọ kan? Ṣé ẹ fẹ́ pa á jẹ lálẹ́ òní ni, àbí ẹ fẹ́ sìn ín?

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Màá sìn ín, kó máa bímọ, ká máa jẹran. Ẹran ọjà ti di ohun ìran. Èyí tí ìyàwó mi rà lánàá, màgí ni mo pè é.

KÁMÓRÙ: Ẹ ó ra akọ mọ́ ọn nìyẹn.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Kí lakọ fẹ́ wá ṣe? Akọ bímọ rí?

KÁMÓRÙ: Bàbá, ẹ̀yin náà akọ ni yín, Sìkírà sì wà nílé.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Èmi ń sanwó ilé, mò ń sanwó iná. Kí ni ehoro tìrẹ fẹ́ san? Á jókòó, á jẹun, á tún gbéyàwó lọ́fẹ̀ẹ́! Kò sírú ẹ̀ nílé mi.

KÁMÓRÙ: Akọ kan tó abo 8, ó tó 10 pàápàá.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: O ò rí i? Akọ tìrẹ yìí ráyè. Màá máa gbé abo tèmi wá bá a.

KÁMÓRÙ: Ọ̀rọ̀ yín dáa, abo náà la máa ń gbé lọ sínú àgò akọ. Tẹ́ ẹ bá gbé akọ lọ bá abo, ìjà ni. Abo ehoro kì í fẹ́ àlejò nínú ilé ẹ̀.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Bíi ti Ìyá Sìkírà gẹ́lẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa.

KÁMÓRÙ: Ṣùgbọ́n ₦3,000 ni ẹ ó máa san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Mo gbé ìyàwó wá fún ọmọ ẹ, èmi ni màá tún san owó ìdána?

KÁMÓRÙ (ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀): Bàbá, torí pé ẹ̀yin ni. Ẹ wo eléyìí. New Zealand pọ́ńbélé! Ó ti lóyún. Ẹ ò nílò akọ mọ́. ₦25,000 péré.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: New Zealand? Ó mà rìn jìnnà o. Mélòó ló wà nínú ẹ̀?

KÁMÓRÙ: 8.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: O kà á?

KÁMÓRÙ: Bàbá, ọwọ́ mi ti mọ ikùn.

BÀBÁ SÌKÍRÀ (ó ń fi ìka ṣírò): 8 lọ́nà 6 lọ́dún... 48. Tí 24 nínú ẹ̀ bá jẹ́ abo, tí wọ́n sì bí 8, 8... Kámórù! Tó bá fi máa di Iléyá ọdún tó ń bọ̀, màá ti ra ilé Alhaja tó wà lẹ́yìn wa!

(Mo ti rí ahun tó ń sunkún, mo ti rí èyí tó ń bínú, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ríran àfi tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń ṣírò owó tí kò tíì wọlé.)

KÁMÓRÙ: Oúnjẹ ẹ̀ ò sì nira. Ewé ànàmọ́, koríko. Lóru, á tún tẹnu bọ ìdí, á jẹ èyí tó rọ̀ nínú ìgbẹ́ ara ẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ó ń ṣe é lóore.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ó ń jẹ ìgbẹ́ ara ẹ̀? Kámórù, ẹran tó ń bọ́ ara ẹ̀ wà láyé yìí, o ò tètè sọ fún mi?

(Ó ti tú ìbọ̀sẹ̀, ó ti ń tú ọ̀rá, ni Ìyá Sìkírà yọ, agbọ̀n ata lórí.)

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Bàbá Sìkírà! Ẹ ní mọ́ṣáláṣí lẹ̀ ń lọ.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ọ̀nà ibẹ̀ náà kọ́ nìyí?

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Ehoro lẹ fẹ́ rà, ẹ ò sọ fún èmi tí mo gbé ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń sin ehoro ní Ìkòròdú? Ẹ sún fún mi. Kámórù, báwo ni ti eléyìí?

KÁMÓRÙ: Màmá wa, ẹ káàbọ̀. New Zealand ni, aboyún.

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú irú ẹ̀ jáde, New Zealand kàn ni orúkọ ẹ̀. Oyún yẹn ti tó ìgbà wo?

KÁMÓRÙ: Ó ti lé lóṣù méjì, Màmá. Ó ti dùbúlẹ̀.

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Oyún ehoro tí kì í ju ọjọ́ 31, 32 lọ? Oṣù méjì! Kí ni wọ́n ń dúró dè nínú níbẹ̀, fíísà?

KÁMÓRÙ: Ẹ̀rín ni Màmá ń...

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Ẹ yí i padà ká wo abẹ́ rẹ̀.

KÁMÓRÙ: Màmá, ojú ń tì í.

(Ìyá Sìkírà ti gbé agbọ̀n ata sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di awọ ọrùn ẹran mú, ó fi èkejì gbá a nídìí, ó yí i sẹ́yìn lé itan ara rẹ̀ bí ẹni fẹ́ wẹ ọmọ. Ó fi ìka méjì rọra tẹ ẹ̀bá ojú ara rẹ̀.)

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Tó bá jẹ́ abo, gbọọrọ ló máa là. Tó bá jẹ́ akọ, ṣóńṣó ló máa yọ. Bàbá Sìkírà, ẹ wá wo aboyún yín.

BÀBÁ SÌKÍRÀ (ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀): Kámórù. Aboyún yìí mà ní irùngbọ̀n nísàlẹ̀.

KÁMÓRÙ: Háà! Àná ni wọ́n kó wọn dé, ẹni tó tà wọ́n fún mi ló rẹ́ mi jẹ!

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ikùn ẹ̀ wá ńkọ́?

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Ó yó ni. Gbé òmíràn wá.

KÁMÓRÙ: Ó dáa, Màmá. Ẹ mú tọkọtaya yìí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọn ò lè jà láéláé.

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lo fẹ́ fún ara wọn? Da ọ̀kan padà, wá akọ tó ti ilé ìyá mìíràn wá.

(Kámórù gbé ọ̀kan wá, ó gbé òmíràn. Ìyá Sìkírà ò gbà.)

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Eléyìí ńkọ́? Wo inú etí ẹ̀, èépá ti dì síbẹ̀ bí ìpẹ́pẹ́. Kòkòrò ló wà nínú ẹ̀. Ìyẹn náà, wo irun ọwọ́ iwájú ẹ̀ bó ṣe lẹ̀ mọ́ra, imú ló ń fi nù.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ọmọ tó bá ń nu imú ara ẹ̀, ó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Àìsàn ni, á sì kó o ran gbogbo ilé. Èyí náà ò dáa, eyín òkè ò bá tìsàlẹ̀ pàdé. Eyín ehoro kì í yéé hù. Tí wọn ò bá rí ara wọn gbo, wọ́n á gùn títí kò ní lè jẹun.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Kò ní lè jẹun? Èyí tí mò ń wá gan-an nìyẹn!

(Ìyá Sìkírà ò dá a lóhùn. Ó mú abo funfun kan tó ti pé oṣù mẹ́fà, etí rẹ̀ mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò bó, ìgbẹ́ inú àgò rẹ̀ rí roboto, ó gbẹ. Ó mú akọ aláwọ̀ eérú kan mọ́ ọn.)

KÁMÓRÙ: Màmá mọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé wọn sábẹ́ páànù o. Ooru Èkó kì í ṣe ọ̀rẹ́ akọ ehoro. Tó bá ti mú jù, á kàn máa gun abo lásán, kò ní lóyún.

BÀBÁ SÌKÍRÀ (ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀): O gbọ́? Mo ti ń sọ ọ́, mo ní ooru ni!

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Ẹ dákẹ́, èèyàn ń gbọ́. Kámórù, eélòó?

KÁMÓRÙ: Abo ₦18,000, akọ ₦15,000.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Háà! Kámórù, àwọn kékeré yẹn ńkọ́?

KÁMÓRÙ: Ọmọ oṣù méjì ni wọ́n, ₦6,000.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ìyẹn la máa mú!

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin lẹ ó fi bọ́ ọ kó tó lè gbọ́kọ. Ta ló fẹ́ máa já ewé ẹ̀ láràárọ̀? Ewé náà gbọ́dọ̀ rọ díẹ̀ o. Tó bá jẹ èyí tí ìrì ṣì wà lára ẹ̀, inú á wú, ó di òkú.

(Bàbá Sìkírà ro àárọ̀, ó ro oorun rẹ̀. Ó dákẹ́.)

ÌYÁ SÌKÍRÀ: ₦24,000 fún méjèèjì.

KÁMÓRÙ: Màmá, ẹ fi ₦30,000 gbé wọn.

(Mo fo ìnájà náà fún yín, ó gùn ju ìwàásù Jímọ́ọ̀ lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ìyá Sìkírà díbọ́n lọ lẹ́ẹ̀mejì, ₦26,500 ló sì parí ẹ̀.)

KÁMÓRÙ: Páálí ńkọ́? ₦500 lẹ́yọ kan.

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Mú ọ̀kan wá fún abo.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Akọ ò ní páálí. Ṣe ọkọ̀ òfuurufú ló fẹ́ wọ̀ ni? Gbé e wá. (Ó di etí rẹ̀ mú.)

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Ẹ fi etí ẹ̀ sílẹ̀! Ta ní ń fi etí gbé yín?

(Bàbá Sìkírà ṣẹ́ agbádá rẹ̀ mọ́ra bí àpò, ó gbé akọ sínú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó dúró. Ojú rẹ̀ yí padà.)

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ìyá Sìkírà... nǹkan kan ń gbóná nínú agbádá mi.

KÁMÓRÙ (ẹ̀rín fẹ́ pa á): Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá! Ìtọ̀ ni. Ìtọ̀ ehoro tiẹ̀ lówó lórí. Àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń rà á ní líta, wọ́n ń fi omi là á wọ́n sára ewé.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Wọ́n ń kí ni?

KÁMÓRÙ: Wọ́n ń rà á.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Ìyá Sìkírà! Di etí agbádá yẹn mú, má jẹ́ kó kán! Kámórù, wá kẹ́tù!

KÁMÓRÙ: Ẹ dúró o, Bàbá! Ìtọ̀ ò sí nínú ₦26,500. Ọ̀dọ̀ mi ló ti mu omi yẹn.

BÀBÁ SÌKÍRÀ: Inú agbádá mi ló tọ̀ ọ́ sí!

KÁMÓRÙ: Ẹ jẹ́ ká pín in. Ẹ fún apá ọ̀tún, kí n fún apá òsì.

(Ọ̀kan di apá ọ̀tún agbádá mú, èkejì di apá òsì, wọ́n ń lọ́ ọ. Akọ ehoro ti bọ́ sílẹ̀, ó ti wà nídìí agbọ̀n ata. Ìyá Sìkírà mú un, ó jù ú sínú páálí kan tó ṣófo, ó gbé agbọ̀n rù, ó kó páálí méjèèjì mọ́ra, ó bọ́ sójú títì.)

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Dáńfó! Ìlasamàjà! Ẹnì kan ni o. Mi ò mọ àwọn tó ń lọ́ aṣọ yẹn rí.

KÁMÓRÙ: Màmá! ₦500 páálí kejì ńkọ́?

ÌYÁ SÌKÍRÀ: Yọ ọ́ nínú ìtọ̀!