Èsì wa sí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ráútà 4G: ẹ má tíì ra òmíràn

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. A ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ráútà tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, tí ẹ fún ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ẹ ní tí ẹ bá jókòó sí pálọ̀ yín ní Dada Estate, fídíò máa ń ṣí wàrà, ṣùgbọ́n tí ọmọ yín bá wọ yàrá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn láti wo ẹ̀kọ́ JAMB lórí fóònù, ṣe ni yóò máa yí po títí tí yóò fi sú u. Ẹ ní alẹ́ ló burú jù. Ẹ tún ra dátà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí ìyàtọ̀. Ní báyìí, ẹnìkan ti ń sọ fún yín pé kí ẹ wá ra ráútà tó lágbára ju èyí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì náwó kankan. Àwa tí à ń ta ráútà la sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ọ̀nà méjì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gbà kó tó dé ọwọ́ ọmọ yín. Ó ń ti orí òpó ilé-iṣẹ́ símù wá sínú ráútà, lẹ́yìn náà ló ń ti inú ráútà lọ sínú fóònù. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó dí nínú méjèèjì kí ẹ tó ṣí àpamọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ti fi hàn wá ná: tó bá ń yá ní pálọ̀, a jẹ́ pé ó ń wọnú ráútà dáadáa. Àárín pálọ̀ sí yàrá ló ti ń sọnù. Dátà tí ẹ rà kún un fi kún iye tí ẹ lè lò ni, kò fi nǹkan kan kún eré tó ń sá.

Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ fi fọ́tò sí i. A wò ó dáadáa. Ráútà náà wà nínú àpótí tẹlifíṣọ̀n, ní àárín dikódà àti sìtabiláísà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn gíláàsì mọ́ ọn. Àyè ibẹ̀ kò ga tó, ìyẹn ni erìyà rẹ̀ méjèèjì ṣe tẹ̀ sẹ́yìn, tí ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ kan ara tẹlifíṣọ̀n. Ògiri tó kọjú sí títì ni àpótí ọ̀hún fara tì. Bí ẹni tan fìtílà tó tún ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn ni. Ìdajì Wi-Fi yín ń lọ sí ojú títì, èyí tó kù sì gbọ́dọ̀ la tẹlifíṣọ̀n, ògiri bílọ́ọ̀kù àti ohunkóhun tó bá wà lọ́nà kọjá kó tó kan yàrá ọmọ.

Ẹ gbé e jáde kúrò nínú àpótí yẹn. Ẹ gbé e sórí nǹkan tó ga tó àyà àgbàlagbà, kí ó sún mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí àwọn yàrá, kí erìyà méjèèjì sì dúró ṣánṣán. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, dígí ńlá tàbí dúrọ́ọ̀mù omi. Irin àti dígí máa ń ta Wi-Fi padà ni, omi ní tiẹ̀ máa ń gbé e mì. Tí ẹ bá ní maikirowéfù, kó jìnnà sí i, nítorí ìgbì 2.4GHz kan náà tí Wi-Fi ń lò lòun náà fi ń mú oúnjẹ gbóná.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan ṣá. Wi-Fi fẹ́ràn àárín ilé, ṣùgbọ́n símù tó wà nínú ráútà fẹ́ràn ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó. Tí ẹ bá gbé e wọ inú ilé jù, ẹ lè fi ìkan wá ìkan. Nítorí náà, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ṣí búráúsà lórí fóònù, ẹ tẹ àdírẹ́sì tó wà lára ìwé pélébé abẹ́ ráútà. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP sí, ìyẹn ìwọ̀n agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ti orí òpó wọ ráútà. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, èyí tó bá sì sún mọ́ òdo jù ló dára jù. Tó bá wà ní nǹkan bíi -80, ó dára púpọ̀. Tó bá wà láàárín -90 sí -100, ó ṣì ṣeé lò. Tó bá ti rẹlẹ̀ ju -110 lọ, bíi -115, kò sí ohun tí Wi-Fi lè fi ṣe. Oníbàárà wa kan ní Òkè-Baálẹ̀ ń gbé e sí ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lábẹ́ kọnkéré tí irin kún inú rẹ̀. Ó gbé e gòkè lọ sójú fèrèsé, ìṣòro rẹ̀ tán láìra nǹkan kan.

Ẹ tún wo èyí: Wi-Fi méjì ni ráútà yín ń gbé jáde, 2.4GHz àti 5GHz. Ti 5GHz ló yára, àmọ́ kì í lè la ògiri púpọ̀ kọjá. Ti 2.4GHz kò yára tó o, ṣùgbọ́n ó máa ń rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ lo 5GHz, kí ẹ so fóònù ọmọ mọ́ 2.4GHz. Níwọ̀n bí àwọn ará ilé tó yí yín ká náà ti ní tiwọn, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ channel (ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà) sí nínú ètò 2.4GHz, kí ẹ dán 1, 6 àti 11 wò. Àwọn mẹ́ta yìí ni kì í gun orí ara wọn. Fídíò tó mọ́ kedere kò gbà ju eré íntánẹ́ẹ̀tì nǹkan bíi 5Mbps lọ, nítorí náà ohun tí ọmọ ń wá kò pọ̀ rárá.

Ní ti alẹ́, a ò ní tàn yín. Lálẹ́, gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, òpó kan náà ni gbogbo wọn sì so mọ́. Kò sí ráútà tó lè wo ìyẹn sàn, bó ti wù kó wọ́n tó. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ yá símù ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ ki í bọ ráútà náà ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ wò ó; wọn kò ti ráútà yín mọ́ ilé-iṣẹ́ símù kan, gbogbo símù ló ń gbà. Kí ọmọ sì máa wa fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdájí. Ẹ tún yẹ àwọn fóònù tó kù nínú ilé wò. Fóònù tó ń kó fọ́tò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́lẹ̀ lè gba gbogbo ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń kàwé lọ́wọ́.

Tí yàrá yẹn bá ṣì le lẹ́yìn gbogbo èyí, wáyà ni kí ẹ fà. Wáyà LAN Cat5e, ìyẹn wáyà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà kọjá, lè gùn tó mítà 100 láìpàdánù nǹkan kan. Ẹ so ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ nínú yàrá. À ń ta extender náà, ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi ráútà tó sì ń tún un gbé jáde, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń gé eré yín sí nǹkan bí ìdajì, nítorí ojú kan náà ló fi ń gbà tó tún fi ń fúnni. A ò ní fẹ́ kí ẹ ra ìyẹn kí ẹ tún kábàámọ̀.

Ẹ dúró ti ráútà gan-an ní ìdájí, ẹ ṣí fast.com, ìkànnì tó ń wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń fà níbẹ̀ pàápàá, tí símù kan náà sì ń ṣe dáadáa nínú fóònù, ẹ gbé e wá fún wa pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. A ó so ó wò lójú yín, tó bá jẹ́ pé òun ló ní àrùn, a ó pààrọ̀ rẹ̀ lábẹ́ wáráńtì. Ẹ fi ìràwọ̀ méjì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà títí ọmọ yóò fi rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò.

Tí ẹ bá ti wọn RSRP lójú fèrèsé pálọ̀ àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sábẹ́ èsì yìí mà, ká lè sọ ibi tí ẹ máa gbé e kalẹ̀ sí.