Èsì wa sí oníbàárà wa láti Ẹ̀rẹ́dò, lórí bí a ṣe kọ orúkọ rẹ̀ fún ìdìbò ọdún 2027

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa ní Ẹ̀pẹ́, a rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, a sì dúpẹ́ pé ẹ sọ ohun tó dùn yín jáde dípò kí ẹ máa gbé e sínú. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọmọbìnrin yín san ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìwé lásán ni ẹ sì mú lọ sílé dípò káàdì ìdìbò. Ẹ ní Ẹ̀rẹ́dò ni ẹ ń gbé, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni a kọ sójú ìwé yín. Ẹ ní a kọ̀ láti forúkọ yín sílẹ̀ lọ́tun, pé ṣe ni a ní kí ẹ gbé orúkọ yín kúrò ní Ìbàdàn wá síbí, àti pé nígbà tí ẹ fi owó lọ̀ wá kí a máa bá yín wo káàdì yín àti ti ọmọ yín ní ọ́fíìsì àjọ INEC, kí a sì gbà á tó bá dé, a kò gbà. Ẹ wá fi ìbéèrè parí rẹ̀: nígbà tí ọjọ́ ìdìbò kò tíì dé, kí ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì yẹn tí a fi ń le koko mọ́ yín lórí ohun gbogbo?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí inú ìdáhùn rẹ̀ ni àlàyé àwọn yòókù wà. Ọjọ́ ìdìbò ni gbogbo ènìyàn máa ń rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wà lórí ìwé tipẹ́tipẹ́. Bí a ṣe ń ka iye àlejò kí a tó gbé ìkòkò kaná, bẹ́ẹ̀ ni àjọ INEC ń ka iye orúkọ tó wà lábẹ́ ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mọ iye ìwé ìdìbò tí wọn yóò tẹ̀ fún ibẹ̀ àti iye òṣìṣẹ́ tí wọn yóò rán lọ. Àkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò ibùdó náà gan-an ni wọ́n sì ń kó sínú ẹ̀rọ BVAS tí wọn yóò gbé lọ síbẹ̀, èyí tó ń fi ìka tàbí ojú dá ènìyàn mọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ sí Ìtọ̀ìkín kò mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní Pópó-Ọba. Nítorí náà, ibi tí ènìyàn bá kọ sódì lónìí lè má hàn títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, nígbà tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó lè tún un ṣe fún un mọ́. Ohun tí a ń ṣọ́ra fún nìyẹn nígbà tí ẹ jókòó níwájú kọ̀ǹpútà wa.

Ní ti owó, àjọ INEC kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti forúkọ sílẹ̀, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri wa kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé káàdì ni a ń tà. Ẹgbẹ̀rún kan náírà tí ẹ san jẹ́ owó íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìwé tí a tẹ̀ jáde, àti owó iṣẹ́ ọmọ tó jókòó tì yín tó ń bá yín tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ lórí fóònù kò nílò wa rárá, ẹni tó bá sì kọrí sí ọ́fíìsì wọn tààrà, wọn yóò ṣe gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé tí ọmọ yín mú lọ sílé ni ẹ̀rí pé ìdajì iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún ni, kò forúkọ sílẹ̀ rí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kí wọ́n gba àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí wọ́n sì ya àwòrán ojú rẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó lè ṣe ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣí ètò náà fúnra rẹ̀ fi èyí hàn: ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 25, ni àwọn ọ́fíìsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ènìyàn. Bí kò bá lọ, orúkọ tó wà lórí ìwé yẹn kò ní di orúkọ olùdìbò.

Ní ti Ẹ̀rẹ́dò, mà, a mọ̀ pé ó lè dun ènìyàn kó má rí orúkọ ìlú rẹ̀ níbi tó ti ń wá a. Ẹ̀rẹ́dò wà lára ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ló wà ní Èkó, orí 20 yìí sì ni àjọ INEC ń ṣiṣẹ́ lé. Lójú tiwọn, Ẹ̀rẹ́dò àti Ìkòsì-Ẹ̀jìnrìn wà lábẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ẹ ó rántí ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, tí a fi yan àwọn alága àti káńsílọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 57, tí Ẹ̀rẹ́dò wà nínú wọn. Àjọ LASIEC ti ìpínlẹ̀ ló ṣe ìyẹn, kì í ṣe INEC, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé orúkọ olùdìbò ti INEC ni àwọn náà ń lò. Ìdí nìyí tí a fi yan Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn náà ni a wá yan wọ́ọ̀dù, kí a tó yan ibùdó ìdìbò. A kò ní dárúkọ wọ́ọ̀dù yín níbí nítorí pé gbangba ni, ṣùgbọ́n ibùdó tó wà lórí ìwé yín ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ fúnra yín júwe fún wa pé ó súnmọ́ ilé yín jù. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, èyí kì í sì ṣe ohun kékeré lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kì í rìn.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí, òun náà sì ni ó jọ pé ó bí yín nínú jù. Ẹ sọ fún wa pé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ rí nígbà tí ẹ ń gbé ọ̀hún, pé káàdì náà ti sọnù, àti pé ẹni kan ní kí ẹ kàn kọ òmíràn lọ́tun torí pé ó yá jù. Mà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ àwọn orúkọ wò kì í wo orúkọ nìkan. Ìka àti ojú ni ó fi ń wé ara wọn, kárí orílẹ̀-èdè. Nínú ìforúkọsílẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò 2023, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 tó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2022, ènìyàn 12,298,944 ló parí ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán, 2,780,756 ni wọ́n yọ kúrò, 9,518,188 ló sì kù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wà nínú àwọn tí wọ́n yọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tó wà níbẹ̀, ayédèrú náà wà níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Ṣe ni wọ́n kó kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé orúkọ ṣeé gbé. Òfin ìdìbò sì ka kíkọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà. Bí a bá ṣe ohun tí ẹ fẹ́ lọ́jọ́ yẹn, inú yín ì bá dùn sí wa fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ì bá máa retí káàdì tí wọn kò ní tẹ̀ láéláé. Gbígbé orúkọ kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún irú yín, a sì fi ọ̀rọ̀ káàdì tó sọnù náà kún un.

Bí ìforúkọsílẹ̀ bá sì parí, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò tíì parí. Wọ́n máa ń lẹ ìwé orúkọ náà síta ní àwọn wọ́ọ̀dù àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ará ìlú wò ó, kí ẹni tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ bèèrè àtúnṣe, kí ẹni tó bá rí orúkọ òkú tàbí ti àlejò tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ sì fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Fún ìdìbò 2023, ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n fi ṣe é. Ó ń dùn mí gidigidi pé àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ lọ wo ìwé yìí. Wọ́n á tò fún káàdì láti ìdájí, ṣùgbọ́n ìwé tó ń sọ bóyá káàdì náà yóò wúlò, wọn kò ní wò ó. Pàápàá jù lọ ní agbègbè wa, nítorí pé ní ọdún 2021 ni àjọ náà sọ ibùdó ìdìbò orílẹ̀-èdè yìí di 176,846 láti 119,974, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣì rò pé ibi tí wọ́n ti dìbò ní ọdún 2015 náà ni orúkọ wọn wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì á wá dé. Kì í ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń kó o wá ni, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì á sì pín in sí wọ́ọ̀dù àti sí ibùdó ìdìbò kí wọ́n tó pè yín. Nígbà tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n gbé e lọ sí àwọn wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n sì sún ìparí rẹ̀ síwájú títí di ọjọ́ 5 oṣù Kejì. Ẹni tó ni káàdì ni wọ́n ń fún. A kọ owó tí ẹ fi lọ̀ wá nítorí èyí, kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ni yín lára. Ilé-iṣẹ́ tí káàdì ọlọ́kàn-ò-jọ̀kan bá wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ nígbà ìdìbò, kò sí àlàyé tó lè ṣe tí ènìyàn yóò gbà, àwọn tó ń ra káàdì kiri sì mọ irú ibi bẹ́ẹ̀ í wá. Ọmọ yín tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ yóò ní láti wá gbà á nígbà tí ó bá wá sílé fún ìsinmi, tí wọ́n bá ti ń pín in nígbà náà.

Ẹ̀ka iṣẹ́ tó kù fún wọn kò kan ìwé yín tààrà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, tí àwọn agùnbánirọ̀ pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ BVAS àti bí a ṣe ń kọ èsì sínú ìwé. Wọ́n ń bá àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ṣe àdéhùn, títí kan àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, nítorí àwọn abúlé etí ọ̀sà wa. Wọ́n ń ṣètò ilé-ẹ̀kọ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò sùn sí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Àpótí ìdìbò, táńdà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ìwé ìdìbò àti ìwé èsì ló ń gbẹ̀yìn, láti báńkì àpapọ̀ CBN, níṣojú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú àti àwọn agbófinró. Ẹ̀rọ BVAS nìkan tó ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ sún ìdìbò síwájú: ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2023 ni ó yẹ kí a dìbò gómìnà, ọjọ́ 18 ni a tó dì í, torí pé wọ́n ní láti tún gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n lò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì tò fún ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Mà, ohun tí a ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ọmọ yín mú ìwé rẹ̀ àti nọ́ńbà NIN rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀ pa, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ní tiyín, ẹ má ṣe forúkọ sílẹ̀ lọ́tun níbòmíràn bó ti wù kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín tó. Ẹ mú nọ́ńbà tó wà lókè ìwé yín wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́kọ́jọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, a ó wo ibi tí ọ̀rọ̀ gbígbé orúkọ yín dé lórí kọ̀ǹpútà, a kò sì ní gba nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì lẹ ìwé orúkọ síta, a ó pè yín sórí fóònù tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ẹ lè lọ wo tiyín.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ní Ẹ̀pẹ́