Omi AC Wo Ló Ń Pupa Bí Sóbò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wa ọkọ̀ tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa, tí kò sì lọ. Bí mo bá tẹná báyìí, ẹ́ńjìnnì á han gooro, abẹ́rẹ́ RPM tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí á fò dé 4,000, ti eré á dúró sórí 40 bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ló bẹ̀rẹ̀, lórí afárá Májídùn. Tírélà wà lẹ́yìn mi, ó ń fọn fèrè kíkan. Mo tẹ̀ ẹ́, ariwo ló pọ̀ sí i. Onídánfó kan yọrí lójú fèrèsé: "Màmá, ṣé ariwo lẹ ń tà ni?" Bọ́ọ̀sì BRT kọjá lójú ọ̀nà tiwọn, èyí tí wọ́n là dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, gbogbo èrò inú ẹ̀ ń wò mí látòkè bí ẹni ń wòran. Kí n tó dé Mile 12, ó ku díẹ̀ kí n bú sẹ́kún.

Mo gbé e tọ mẹkáníìkì mi lọ ní Àgríìkì, n'Ìkòròdú. "Mẹkáníìkì mi" ni mo pè é nítorí ọdún kẹrin rèé tó ti ń gba owó lọ́wọ́ mi. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí. "Màdámù, ẹ fi ìyẹn lé wa lọ́wọ́. Púlọ́ọ̀gì ni." Kò wa ọkọ̀ náà dé ẹnu títì o! Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ₦32,000. Ọkọ̀ ń ké. Ó ní nọ́sù ló dọ̀tí, ó fọ̀ ọ́, ₦15,000. Ọkọ̀ ń ké. Ó ní púnpù epo ni, ó bá mi wá tòkunbọ̀, ₦40,000. Ọkọ̀ ń ké. Nígbà tí kò rí nǹkan pààrọ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì mọ́, ó nu ọwọ́, ó sì fi ohùn dókítà bá mi sọ̀rọ̀: "Gíà ti kú. Ẹ wá ₦480,000, ká gba ọjà Ládípọ̀ lọ."

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ata lọ lọ̀, bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá ń yọ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ á máa pariwo, èéfín á máa rú, ata á jókòó sínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe dà á sí. Ṣé ẹ ti rí ọmọ tó ń lọ ata tó wá sáré lọ ra púlọ́ọ̀gì? Bẹ́líìtì ló máa wò! Ẹ́ńjìnnì tó lè ké dé 4,000 wẹ́rẹ́ báyẹn, agbára kọ́ ló wọ́n ọn. Agbára ò dé ìdí táyà ni. Àárín méjèèjì ni kéèyàn wá a sí. Ká ní mánúà ni, kílọ́ọ̀ṣì la máa kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀tọ́ọ̀mátíìkì ni tèmi, epo gíà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, wíwò ẹ̀ ò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀tẹ̀ wà ńlẹ̀, ó ń bá mi pa làpálàpá.

Bàbá kan ní Ọ̀dọ̀gùnyàn, tí ẹ̀gbọ́n mi júwe fún mi, ló gbà mí. Ó jókòó tì mí, ó ní kí n máa wa ọkọ̀ lọ. Kò tíì pẹ́ tó fi sọ pé, "Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín." Ó ní kí n gbé e síbi tó tẹ́jú, kí n má pa á, kí n fa gíà kárí, kí n dá a padà sí P. Ó fa géèjì epo gíà yọ, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ṣónṣó orí ẹ̀ lásán ni epo kàn, èyí tó sì kù níbẹ̀ ti ń dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná.

"Ìgbà wo lẹ ṣe rédíétọ̀ kẹ́yìn?"

Mo ní ó tó oṣù mẹ́ta.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì pè mí kí n wá wò. Nínú irú ọkọ̀ tèmi, ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ni epo gíà ti ń lọ tutù; hóòsì méjì ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Kílíìpù ọ̀kan nínú wọn kò fún. Ẹ̀kán, ẹ̀kán, epo ti jò lọ. Bó bá ti dín jù, afẹ́fẹ́ ni púnpù inú gíà á máa fà, àwọn irin pélébé inú gíà ò ní lè di ara wọn mú mọ́, wọ́n á máa yọ̀.

Ta ló pààrọ̀ rédíétọ̀ yẹn? Ọkùnrin kan náà! Èyí tó sì dùn mí jù ni pé mo ti fi àbàwọ́n epo gíà pupa yẹn lórí sìmẹ́ńtì ilé mi hàn án lórí fóònù. Ó ní, "Omi AC ni, Màdámù." Omi AC! Omi AC wo ló ń pupa bí sóbò? Èmi náà ò kúkú gbọ́n. Mo fojú ara mi rí i pé ó pupa, mo sì gbà, torí pé gírísì wà lára ẹ̀wù ẹni tó sọ ọ́.

Kílíìpù tuntun, epo gíà (ATF) irú èyí tí ìwé ọkọ̀ ní kí a lò, owó iṣẹ́: gbogbo ẹ̀ ₦36,000. Bàbá ní ká ní mo tún wà á fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àwọn pélébé yẹn ì bá jó tán. Ó ti ń lọ báyìí, àmọ́ láàárọ̀, bí mo bá fi sí rìfáàsì, ó ṣì máa ń kọ́kọ́ rò ó wò.

Mo padà sí Àgríìkì. Mi ò bèèrè ₦87,000 mi, mo mọ̀ pé ìyẹn ti lọ. Mo ní kó kó púlọ́ọ̀gì mi àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi. Ó họrí. Ó ní òun ti kó wọn sínú ọkọ̀ oníbàárà kan láti ọjọ́ yẹn.

"Wọ́n ṣì dáa, Màdámù. Ọkọ̀ yẹn ń sá gan-an."